Báǹkì fẹ́ ta ilé bàbá wa ní Ìsánlú: níbo ni a ti lè rí ìrànlọ́wọ́ òfin?

Ọmọ Ìsánlú ní Lọ́kọ́ja

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo sì kí ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó wà láàárín wa. Ọ̀rọ̀ tó ju agbára mi lọ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣòwò kajú. Ní 2023, ó yá 4,500,000 náírà lọ́wọ́ báǹkì kékeré kan kó lè rí owó ra kóró kajú nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé. Nítorí pé kò ní ohunkóhun tó lè fi dógò, bàbá wa, tó ti pé ẹni ọdún 74 báyìí, kó ìwé ilé tí gbogbo wa dàgbà sí lé báǹkì lọ́wọ́. Òwò náà kò rí bí wọ́n ti rò. Òjò ba púpọ̀ jẹ́ nínú àpò kajú tó kó jọ, àwọn tó sì ra ìyókù ní àwìn kò san owó tán. Àbúrò mi san gbèsè náà fún oṣù méje, lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni àṣírí tú. Ọkùnrin méjì gun ọ̀kadà wá sílé, wọ́n ya fọ́tò ilé náà níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ya kànga pẹ̀lú. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi lẹ́tà lé màmá wa lọ́wọ́. Lẹ́tà náà sọ pé gbèsè ti di 6,870,000 náírà, àti pé bí a kò bá san án tán láàárín ọjọ́ 21, wọn yóò ta ilé náà. Màmá kan ìṣó mọ́ òkè nọ́ńbà yẹn, ó sì fi ìró kọ́ ọ, kí àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà má baà rí i.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ǹjẹ́ báǹkì lè ta ilé láìlọ sí kóòtù? Níbo ni ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ? Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀ lè yá mi ní mílíọ̀nù kan náírà. Ṣé kí n gbà á, kí n fi pẹ̀tù sí wọn nínú?

Agbẹjọ́rò ní Kábbà

Ẹ kú ìdààmú o. Lẹ́tà kì í ṣe ìdájọ́. Ọjọ́ 21 tí wọ́n kọ síbẹ̀, báǹkì fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ó lè bá àdéhùn mu, ó sì lè má bá a mu. Nítorí náà, kí ẹ tó wá owó, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé. Mo mọ ìdílé kan tó ta ilẹ̀ oko láti fi bẹ báǹkì, kí wọ́n tó mọ̀ pé báǹkì ọ̀hún kò lágbára láti ta ohunkóhun láìjẹ́ pé adájọ́ pàṣẹ.

Irú ìdógò tí bàbá ṣe gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé bàbá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí a ṣe lábẹ́ èdìdì, tó fún báǹkì ní àṣẹ láti ta ilé nígbà tí gbèsè kò bá di sísan, nígbà náà báǹkì lè tà á láìkọ́kọ́ dé kóòtù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí ẹ bá kà láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ará Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ṣì yín lọ́nà lórí èyí. Òfin tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959 ni wọ́n ń tọ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n àwa wà lábẹ́ Àríwá nígbà yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ a wà ní Kwara títí di ìgbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1881 lórí ìwé ohun-ìní ni a sì jogún. Ohun tí òfin yẹn wí ni pé báǹkì kò gbọdọ̀ lo agbára títà náà àfi tó bá ti fi ìwé béèrè owó rẹ̀ tí oṣù mẹ́ta sì ti kọjá láìsan, tàbí tí èlé bá ti wọlẹ̀ láìsan fún oṣù méjì, tàbí tí ẹni tó yáwó bá rú ẹ̀ka mìíràn nínú àdéhùn. Ó wá fi àyè sílẹ̀ kí ìwé àdéhùn yí àkókò wọ̀nyí padà, àwọn tó ń kọ ìwé fún báǹkì kì í sì í jẹ́ kí àyè bẹ́ẹ̀ lọ lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá ìwé.

Bó bá wá jẹ́ pé ṣe ni bàbá kàn kó ìwé ilẹ̀ fún wọn pa mọ́, tó sì tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù, ọ̀nà mìíràn ni. Báǹkì ní ẹ̀tọ́ lórí ilé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga ló gbọ́dọ̀ lọ láti gba àṣẹ kó tó lè tà á. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá wọ́n fi ìwé aṣojú há a láàárín, ìyẹn ìwé tí bàbá fi sọ báǹkì di ẹni tó lè bá òun ta ilé. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tún yí padà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìjọba náà wà níbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kò gba kí a fi ilẹ̀ dógò láìgba àṣẹ: ti gómìnà ni fún ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni), ti ìjọba ìbílẹ̀ ni fún ilẹ̀ tí a ní lábẹ́ àṣà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé ìdógò tí gómìnà kò fi àṣẹ sí jẹ́ òfo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fò sókè fún ayọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìdájọ́ tó tẹ̀lé e, ilé ẹjọ́ kò fara mọ́ ọn mọ́ kí ẹni tó yẹ kó gba àṣẹ, tó gba owó, tó ná an, wá padà fi àìgba àṣẹ ṣe àwíjàre. N kò ní gbé gbogbo ẹrù mi lé orí ìyẹn nìkan.

Ẹ sọ fún mi: kí ni orúkọ ìwé tí bàbá tẹ̀ka sí? Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín? Ta ló sì ni ilẹ̀ náà gan-an?

Ìyá Oníṣòwò, Kábbà

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú mi ti rí irú èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tí mo ṣe kí ẹ má baà ṣe é.

Èkíní ni pé mo sanwó sí ọwọ́ ènìyàn. Òṣìṣẹ́ báǹkì tí mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó lórí àpò ìrẹsì, á ní, "Màmá, ẹ wá nǹkan fún mi kí ọ̀gá má baà bínú." Mo fún un ní 40,000, mo fún un ní 25,000, bẹ́ẹ̀ títí ó fi lé ní 300,000, n kò sì gba rìsíìtì kankan. Nígbà tí mo gba ìwé àkáǹtì mi, kọ́bọ̀ kan kò wọlé níbẹ̀.

Èkejì ni pé ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí. Wọ́n mú ọlọ́pàá kan wá, ó ní òun yóò tì mí mọ́lé bí n kò bá san. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kàwé òfin nígbà náà, ló fọwọ́ jẹ́jẹ́ sọ fún un pé òfin ọlọ́pàá ti 2020, ẹ̀ka 32, kò jẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò ṣẹ. Ọkùnrin náà bi í níbo ló ti kà á, ó fi hàn án lórí fóònù, ni ó bá ní òun kàn wá kí wa ni.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo kọ lẹ́tà, mo béèrè ìṣirò gbogbo owó láti ọjọ́ tí mo ti yá a: iye tí mo gbà, iye tí mo san, iye èlé, iye ìtanràn. Ẹ̀dà méjì ni mo kọ. Wọ́n gba ọ̀kan, mo sì ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí tèmi. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé wọ́n yọ owó ìbánigbófò lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì ń gun ìtanràn lórí ìtanràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí wọn kò fèsì, mo fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀. Àwọn ló ń fún báǹkì kékeré ní ìwé àṣẹ. Wọn kò pa gbèsè mi rẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n yọ ohun tí kò tọ́ kúrò, báǹkì sì pín ìyókù sí oṣù 14.

Ọmọ Ìsánlú ní Lọ́kọ́ja

Mo dúpẹ́, mà. Mo dúpẹ́, sà. Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, a sì tú àpótí bàbá.

Inú ọ̀rá dúdú ni ohun tó kù wà. Báǹkì ti kó ìwé wíwọ̀n ilẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìwé tí bàbá bàbá wa àti àwọn àgbà ilé fi fún bàbá ní ibi tó kọ́lé sí ní 1986. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ni ẹ̀dà fọ́ọ̀mù olójú-ewé méjì tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ìtẹ̀ka aláwọ̀ búlúù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ wọ orí ọ̀rọ̀ débi pé a kò lè ka ìlà yẹn. N kò rí èdìdì, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ aṣojú. Bàbá kò mọ ìwé kà. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ka fọ́ọ̀mù náà sí i létí, ó ní, "Wọ́n ní kí n tẹ ibí, mo tẹ ibí."

Ní ti ilẹ̀, inú ilẹ̀ ìdílé ni. Bàbá kọ́ ló jẹ́ olórí ẹbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ṣì wà láàyè, ó sì ní òun kò gbọ́ nípa ìdógò kankan rí.

Agbẹjọ́rò ní Kábbà

Ohun tí ẹ rí yìí ṣe pàtàkì ju mílíọ̀nù kan tí ẹ fẹ́ lọ yá lọ.

Bí fọ́ọ̀mù náà bá rí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, tí kò sì sí ìwé mìíràn lọ́wọ́ wọn, ó jọ pé ìwé ilẹ̀ ni bàbá kàn fi sílẹ̀, báǹkì yóò sì ní láti dé iwájú adájọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì yòókù yóò ti wúlò. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí ẹni tó bá kọ ìwé fún un kà á sí i, kó túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn fún un láti fi ìwé náà jẹ aláìmọ̀wé yẹn níyà. Ní ti ilẹ̀ ìdílé, bí olórí ẹbí bá tà á tàbí tó fi í dógò láìfi lọ àwọn àgbà ilé, ìdílé lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e, bí wọ́n bá tètè dìde. Bó bá wá jẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe olórí ló ṣe é, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Báǹkì yóò sọ pé ilẹ̀ náà ti kúrò nínú ti ìdílé ní 1986, pé ẹ̀bùn fún bàbá nìkan ni. Nítorí náà, ohun tí ìwé 1986 yẹn sọ gan-an ṣe kókó: ṣé wọ́n fún un pátápátá ni, àbí wọ́n kàn ní kó kọ́lé síbẹ̀? Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, Àjọ Ìrànwọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀, Legal Aid Council, ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀. Ó ti wà láti 1976. Òfin 2011 ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Iye yẹn jẹ́ 70,000 náírà láti 2024. Ẹ kíyè sí i pé bàbá ni ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ẹ̀yin. Òun ni kó béèrè, owó tirẹ̀ ni wọn yóò sì wò. N kò ní tàn yín jẹ: ẹjọ́ ọ̀daràn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, irú ẹjọ́ gbèsè tí òfin gbà wọ́n láàyè láti gbé dé kóòtù sì ní ààlà. Síbẹ̀ wọ́n lè gbà yín nímọ̀ràn, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí báǹkì, kí wọ́n sì pe ìhà méjèèjì jókòó. Lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wọn ti dá ọwọ́ àwọn onígbàǹjo dúró lójú mi.

Bí ó bá di dandan láti béèrè àṣẹ ìdádúró ní kóòtù, ẹ mọ̀ pé adájọ́ kì í dá báǹkì tó ní agbára títà dúró kìkì nítorí pé ẹ ń jiyàn iye gbèsè; ó lè ní kí ẹ kó owó náà wá sí kóòtù ná. Ohun tó lè mú un gbọ́ yín ni pé agbára títà náà kò sí rárá. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Nígbà tí báǹkì tó ní àṣẹ bá ti bá olùrà ṣe àdéhùn, àǹfààní láti san gbèsè kí ilé sì padà ti bọ́ nìyẹn. Pé wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti dá a padà, àfi tí ẹ bá fi hàn pé jìbìtì wà níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bá agbẹjọ́rò jiyàn díẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì ń jẹ́ gbèsè. Bí ìdógò náà bá tilẹ̀ di òfo, àbúrò yín ṣì jẹ owó, báǹkì sì lè pè é lẹ́jọ́ fún un. Láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ kí báǹkì tí a jẹ lówó yọ owó náà nínú àkáǹtì mìíràn tí ẹni tó yáwó ní sí báǹkì yòówù, nípasẹ̀ BVN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀. Kí àbúrò yín má rò pé òun yóò fi owó pa mọ́ síbòmíràn. Níbo ni ó wà báyìí pàápàá? Bàbá ọlọ́dún 74 kọ́ ni ó yẹ kó máa sá fún ọ̀kadà.

Ohun tí mo mọ̀ láti inú iṣẹ́ mi ni pé báǹkì kò fẹ́ ilé yẹn. Ta ni yóò ra ilé tó wà láàárín agbo ilé ẹlòmíràn ní Ìsánlú, tí yóò sì sùn nínú rẹ̀ ní àlàáfíà? Àwa náà máa ń mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ògiri. Ìtìjú ni a fi ń gba owó ọ̀hún. Nítorí náà, ẹ fi ìṣirò tí màmá oníṣòwò sọ síwájú wọn, kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú iye tó dájú pé ó lè san lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ má yá owó ẹgbẹ́ láti san án. Mílíọ̀nù kan yóò wọ inú ìtanràn àti èlé lọ, kò sì ní kan orí gbèsè gan-an, ẹ ó wá ní gbèsè méjì.

Agbẹjọ́rò ní Kábbà

Mo gba ti bàbá òṣìṣẹ́ báǹkì, àfi ibì kan. Nígbà tí wọ́n bá gbà láti pín owó náà sí oṣù, wọn yóò gbé ìwé tuntun wá, wọn yóò sì ní kí bàbá yín tẹ̀ka sí i "kí ètò lè bẹ̀rẹ̀". Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti máa ń fi ohun tí wọ́n gbàgbé tẹ́lẹ̀ sí: èdìdì, agbára láti tà, ìwé aṣojú, ìfọwọ́sí olórí ẹbí. Kí àbúrò yín fọwọ́ sí tirẹ̀ lórí gbèsè rẹ̀. Kí bàbá má tẹ̀ka sí ohunkóhun láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò tó jẹ́ tirẹ̀ ti kà á.

Ọmọ Ìsánlú ní Lọ́kọ́ja

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àbúrò mi ti gbé fóònù. Ọbàjànà ló wà, ó sì ti gbà láti bá wa lọ sí báǹkì. Ọjọ́rú ni bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wọ mọ́tò wá bá mi, kí a jọ lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà. Mo ti kọ lẹ́tà ìṣirò ní ẹ̀dà méjì.

Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan, èyí tí màmá wa ní kí n bi yín. Ṣé òun lè fi ọ̀dà kun nọ́ńbà yẹn, kí òun lè rí ìró òun lò?

Agbẹjọ́rò ní Kábbà

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, kí ilẹ̀kùn àti ògiri hàn pọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó wà nílé nígbà náà sínú ìwé kan. Lẹ́yìn náà, kí màmá kùn ún.